Iná Kú, Ìgbóná Ò Kú: Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ajá àti Ológbò Nínú Ilé Ìdáná

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sin ajá àti ológbò kì í yéé bi mí: “Báwo ni mo ṣe máa lé ológbò mi kúrò nídìí gáàsì?” Ìdáhùn mi kì í yí padà. Lílé nìkan ò tó. Ẹ lé e báyìí, á padà wá bẹ́ ẹ bá ti kẹ́yìn. Ohun tó ń gbà á ni pé kí ọ̀nà ibi tó gbóná dí, kí ibòmíràn tó wù ú láti sùn sì wà fún un.

Kì í sì í ṣe ìgbà tí iná ń jó lala ni ewu pọ̀ jù. Ajá àti ológbò ń rí ọwọ́ iná, wọ́n ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń hó, wọ́n sábà máa ń sún sẹ́yìn. Ìgbà tí a bá ti pa iná, tí a ti bu oúnjẹ tán, tí gbogbo ilé dákẹ́, tí ohun ìdáná ò pariwo mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì gbóná, ìgbà yẹn ni mo ń bẹ̀rù.

Ní ilé ìyá mi ní Ọ̀yọ́, ológbò kan wà tí a ń pè ní Dúdú. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, a fi àdògán eléèédú se ẹ̀wà, a gbé ìkòkò kúrò, a lọ sùn. Eérú funfun ti bo ojú àdògán náà bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Kò sí èéfín, kò sí ohun tó pọ́n. Lábẹ́ eérú yẹn, ẹyín iná wà níbẹ̀ digbí. Dúdú bẹ́ sórí rẹ̀ láti yáná. Igbe rẹ̀ ló jí wa. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wá a, ó ti wọ abẹ́ àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó ń lá àárín ọmọ ìka rẹ̀ ṣáá, òórùn irun tó jó sì gba gbogbo ilé ìdáná. Aládùúgbò kan ti gbé epo pupa dé kí a tó rí omi. Mo jẹ́ kó fi ra ẹsẹ̀ náà. Ó dùn mí títí di òní, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹsẹ̀ náà fi ń ṣomi.

## Ohun tó ń gbé wọn wá síbẹ̀

Mẹ́ta ni: òórùn oúnjẹ, ooru, àti ẹ̀yin fúnra yín. Ajá ò fẹ́ kí ẹ wà níbì kan kí òun má sí níbẹ̀. Ní ti ológbò, ara rẹ̀ máa ń wà ní ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó gbóná ju tiwa lọ díẹ̀, ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó sì ga ló máa ń wá. Orí gáàsì ga, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá mọ èyí tó ń gbé tiyín wá, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀.

## Irú ohun ìdáná wo lẹ ní?

Àdògán eléèédú àti ààrò onígi. Eérú ń pa iná mọ́ ni, kò pa á. Èédú tí eérú bò lálẹ́ lè wà láàyè di àárọ̀. Ẹ má sì gbé àdògán eléèédú wọ yàrá nítorí òtútù, ì báà jẹ́ torí ara yín tàbí torí ẹran yín. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, a ò lè fojú rí i, ó sì ń pa ènìyàn àti ẹran lójú oorun.

Sítóòfù kẹrosíìnì. Ó fúyẹ́. Ajá ńlá tó bá ń ju ìrù nítorí inú rẹ̀ dùn lè gbá a ṣubú tòun ti ìkòkò. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ògiri wà lápá méjì. Bí kẹrosíìnì bá dà sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ológbò á tẹ̀ ẹ́, á sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Gáàsì. Irin tí ìkòkò ń jókòó lé ló ń pẹ́ kó tó tutù. Gáàsì kékeré tí bọ́nà rẹ̀ wà lórí sílíńdà gan-an burú jù nílé tí ajá wà, torí ìdí rẹ̀ kéré, orí rẹ̀ wúwo. Ọmọ ajá tó ń hu eyín máa ń rún rọ́bà, kò sì mọ̀ pé rọ́bà gáàsì yàtọ̀ sí bàtà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń bọ̀ sí, ilẹ̀ náà sì ni ẹran yín ń sùn. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé ẹran jáde, ẹ má ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì iná mànàmáná, ì báà jẹ́ láti tàn án tàbí láti pa á.

Ibi tí a ti ń yí gáàsì náà kì í ga jù fún ajá. Ní ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, ajá kan fi ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn dúró, ó na ẹsẹ̀ iwájú sórí sítóòfù, ó sì tàn án láìmọ̀. Páálí tó wà lórí sítóòfù náà gbiná. Kámẹ́rà inú ilé ló gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Sítóòfù oníná. Èyí tó ń kó wa láyà sókè nílé wa nìyí. Ẹ ń se ìrẹsì, wọ́n mú iná lọ. Ẹ gbé ìkòkò lọ sórí gáàsì, ẹ gbàgbé láti pa sítóòfù. Ológbò rí ojú irin tó rí pẹrẹsẹ tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ká ara rẹ̀ jọ sórí rẹ̀, ó sùn. Ní aago méjì òru, wọ́n mú iná dé. Bí iná bá ti lọ, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yọ ọ́ lára ògiri.

Sítóòfù olójú gíláàsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, tiyín nìyí. Ojú rẹ̀ ń dán bákan náà bó bá gbóná àti bó bá tutù. Ọ̀pọ̀ wọn ní iná pupa kékeré tàbí lẹ́tà H tó ń sọ pé ó ṣì gbóná. Ẹ̀yin lẹ lè kà á, ológbò ò lè kà á. Èyí tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná (induction) pàápàá kò yọ, torí ìkòkò ń dá ooru padà sí gíláàsì. Àwọn tó jẹ́ pé fífọwọ́kàn la fi ń tàn wọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò ń tàn wọ́n. Àjọ panápaná ìlú Seoul ní South Korea ka ìjàǹbá iná 107 tí ológbò fà láàárín oṣù kìíní ọdún 2019 sí oṣù kọkànlá ọdún 2021. Bí tiyín bá ní bọ́tìnì ìtìpa tí wọ́n ṣe torí àwọn ọmọdé, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́.

## Ìgbésẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí ẹ tó dáná:

1. Ẹ fún wọn lóúnjẹ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Ajá tó ti yó ṣì máa wá, àmọ́ kò ní wá bí ẹni tí ebi ń pa.
2. Ẹ tẹ́ ibùsùn kan sí ibi tí wọ́n ti lè máa rí yín: àpò ìrẹsì tí aṣọ àtijọ́ wà nínú rẹ̀ ti tó fún ajá. Fún ológbò, ẹ wá ibi tó ga, bíi orí àpótí tàbí pákó tí ẹ kàn mọ́ ògiri, tó jìnnà sí iná.
3. Ẹ dí ọ̀nà. Ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì dára jù, torí atẹ́gùn á máa wọlé. Pákó tó ga dé ìbàdí á dá ọ̀pọ̀ ajá dúró, kò lè dá ológbò dúró. Yàrá ni kí ẹ ti ológbò mọ́. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ ti ń dáná, tí ilẹ̀kùn ò sí, ẹ so ajá sí ibi tí okùn rẹ̀ ò ti lè dé ìdí iná. Ẹ na okùn náà wò lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó tan iná.

Nígbà tí iná wà:

4. Bọ́nà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò fún ohun tó ń hó àti òróró. Ẹ yí ọwọ́ páànù sínú, kó má yọ síta.
5. Bẹ́ ẹ bá ń dín nǹkan, ẹ má kúrò níbẹ̀. Omi tó ń hó kì í ju 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ; òróró tí a fi ń dín àkàrà ń tó 180. Omi á ṣàn kúrò lára, òróró á lẹ̀ mọ́ irun, á sì máa jó ẹran lọ.
6. Bí ológbò bá bẹ́ sókè, ẹ má pariwo, ẹ má ju ṣíbí lù ú. Ẹ̀rù ló máa mú un fẹsẹ̀ ta ìkòkò. Ẹ pa iná, ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ wá gbé e láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ yín má kọjá lórí páànù.
7. Ẹ má sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ la ti ń ro àmàlà, ilẹ̀ la sì ti ń yọ́ ẹ̀kọ. Bó bá ṣe pé ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ajá gbọ́dọ̀ wà níta. Ẹ̀kọ gbígbóná tó dà sí ẹran lára burú ju omi lọ, torí ó ń lẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná:

8. Ẹ gbé ìkòkò ńlá tí omi tútù wà nínú rẹ̀ sórí bọ́nà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó ń bo ibẹ̀, ó sì ń mú kó yára tutù. Fún sítóòfù olójú gíláàsì, ẹ dúró kí àmì ìgbóná kú kí ẹ tó fi ohunkóhun bò ó.
9. Èédú: ẹ kó èyí tó ṣì pọ́n sínú ìkòkò irin tó ní ọmọrí, kí ẹ dé e. Àìsí afẹ́fẹ́ á pa á, ẹ ó sì tún rí i lò lọ́la. Bí àdògán bá wà níta, ẹ lè fi páànù òrùlé bò ó, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ajá lè fi imú ta páànù lásán dànù.
10. Òróró tó kù nínú páànù, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń tì tàbí sínú ààrò gáàsì tí kò gbóná. Òróró ẹja ń pe ológbò láti ọ̀nà jíjìn.

Híítà tí a ń kì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ajá tí òùngbẹ ń gbẹ á ti ẹnu bọ omi náà, iná mànàmáná sì wà níbẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

## Kíkọ́ ajá láti dúró lẹ́nu ọ̀nà

Àwọn kan á ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí ẹ bá kọ́ nígbà tí iná ò sí nídìí ààrò á gbọ́ nígbà tí iná bá wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ ti tó.

- Ẹ tẹ́ ẹní kékeré sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ mú un dé orí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà lórí ẹní, ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ bíńtín.
- Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “dúró” tàbí “jókòó”, kí gbogbo ará ilé máa lo ọ̀kan náà.
- Ẹ wọlé, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ padà wá fún un. Lọ́jọ́ kejì ẹ kà dé ogún. Ẹ máa fi kún un títí ẹ ó fi lè se indomie kan tán kó tó dìde.
- Orí ẹní nìkan ni kí oúnjẹ ti máa dé ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá ju ẹran sí i láti inú ìkòkò, ẹ ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Ẹran inú ọbẹ̀ náà ti mu àlùbọ́sà, àlùbọ́sà sì jẹ́ májèlé fún ajá àti ológbò.

Ológbò, ẹ má dààmú ara yín pẹ̀lú ẹní. Ibi gíga tí ẹ pèsè ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí ṣáá

“Ológbò gbọ́n, kò lè tẹ ohun tó gbóná.” Ó gbọ́n. Àmọ́ nígbà tó bá bẹ́ láti ilẹ̀, kò rí ojú ibi tó ń bọ̀ sí. Irun ìrù rẹ̀ á ti máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà kí ìgbóná tó dé awọ.

Fífi ata lé e. Ata tí ẹ wọ́n sídìí gáàsì á wọ ojú rẹ̀, á sì lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Ìyà lásán ni.

Nínà. Ológbò tí a nà á kọ́ láti dúró dìgbà tí ẹ ò bá sí nílé.

Páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, nílé tí odídẹrẹ́ wà. Bí páànù bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù lórí iná láìsí nǹkan nínú rẹ̀, ohun tí a fi kun ún ń tú èéfín olóró jáde, èéfín náà sì lè pa ẹyẹ kíákíá. Ẹ má gbé àgò ẹyẹ sí ilé ìdáná rárá.

## Bó bá ti jóná

Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Ẹ tẹ̀ lé òwe yẹn gẹ́lẹ́.

1. Ẹ pa iná, ẹ yọ ohun tó lè jó ẹ̀yin náà kúrò.
2. Ẹ fi táwẹ̀lì wé ẹran náà kí ẹ tó gbé e. Ajá tó ń lá yín lọ́wọ́ láàárọ̀ lè gé yín jẹ nígbà ìrora, kì í ṣe ìwà rẹ̀.
3. Ẹ da omi tútù sí ojú ibi tó jó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú méjì á dà bí ogún nígbà tó bá ń ké. Bí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, ẹ máa fi ife bù ú dà sí i. Ẹ má lo yìnyín. Ẹ fi aṣọ bo ara yòókù, pàápàá ọmọ ológbò àti ọmọ ajá, kí òtútù má mú un.
4. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í tú òwú bo ojú egbò náà wẹ́rẹ́, ẹ má dì í le.
5. Ẹ má jẹ́ kó lá a. Ẹ lè gé páálí bí ọ̀rùn aṣọ tó fẹ̀, kí ẹ fi sí i lọ́rùn.
6. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ pe èyí tó sún mọ́ yín kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sí i: epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, àdí, Dettol. Epo ń há ìgbóná mọ́ inú awọ, dókítà á sì ní láti fọ̀ ọ́ kúrò lórí egbò kó tó lè ṣiṣẹ́. Oògùn tó wà nínú Dettol jẹ́ májèlé fún ológbò, ẹnu ni á sì fi lá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiyín. Hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò. Ibuprofen náà burú fún ajá àti ológbò.

Bó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo. Bó bá ń bì í, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ló kàn.

Irun ń fi egbò pamọ́. Ibi tó jó lè má hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ fi ọwọ́ ya irun, ẹ wo awọ. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi dídúró ṣòfò bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ojú tàbí ẹnu ló jó, ó fa èéfín símú, ó ń mí gúlegúle, awọ ti funfun tàbí ó ti dúdú, tàbí kò fẹ́ jẹun.

## Kí ẹ tó sùn

- Sítóòfù oníná ti kúrò lára ògiri.
- Sílíńdà gáàsì ti wà ní títì.
- Kò sí òróró tó ṣí sílẹ̀.
- Ẹyín iná ti wà nínú ìkòkò irin, ó sì ní ọmọrí.
- Ẹ ti rí ológbò yín sójú. Kì í ṣe pé ẹ rò pé ó wà níbì kan.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi èyí kún un: ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó ń hó, sínú ike omi, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e sínú páálí tí ẹnu rẹ̀ kéré. Ìyá mi gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná, ó ká ìró àtijọ́ kan sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Dúdú kàn ń gbóòórùn rẹ̀ kiri ni. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó wọlé, ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìrù bo imú.